Ìlá Ọ̀ràngún, Ìlú Yàrà: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Alábòójútó Ilé Kíkọ́ ní Òkè Òkun

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí a fi ń mú yín kiri ìlú, kí ẹni tí kò lè kúrò nílé lè ti orí ìwé rin ìrìn-àjò. Lọ́tẹ̀ yìí, Ìlá Ọ̀ràngún ni a forí lé, àti ilẹ̀ Igbómìnà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Kì í ṣe ìtàn ìlú nìkan ni a fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà ràn-ìn nínú ọ̀pọ̀ ilé lóde òní, ní Ìlá àti ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ ti kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Ó wá ń fẹ́ rí ilé-iṣẹ́ kan ní òkè òkun tí yóò gbà á, tí yóò kọ́ ọ ní iṣẹ́ alábòójútó, tí yóò sì ṣe onígbọ̀wọ́ físà rẹ̀. A fẹ́ sọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe ń wá, ibi tí a ti ń wá a, àti ohun tó yẹ kí ìdílé mọ̀ kí wọ́n tó ta ilẹ̀ tàbí oko kòkó nítorí rẹ̀.

Ọ̀NÀ ÌLÁ

Ẹni tó bá ń ti Òṣogbo lọ sí Ìlá yóò gba Ìkìrun kọjá, yóò sì máa kọjú sí ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn. Kí àlejò má ṣi ọ̀nà o: Ìlá Odò wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn nìyẹn. Ìlá tí à ń wí ni Ìlá tí Ọ̀ràngún jẹ́ ọba rẹ̀. Iṣẹ́ oko ni a fi mọ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà àwọn baba wọn, ọ̀pẹ kò sì jìnnà sí ojú ẹni tó bá ń gba ilẹ̀ wọn kọjá. Bí a bá tẹ̀ síwájú láti Ìlá, kò ní pẹ́ tí a ó fi wọ ilẹ̀ Kwara, níbi tí Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti ọ̀pọ̀ ìlú Igbómìnà yòókù wà.

Ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn. Ààlà ìjọba ni ó pín wọn. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣe ìjọba, wọ́n fi àwọn kan sí abẹ́ Ìlọrin ní Àríwá, wọ́n sì fi Ìlá àti Òkè-Ìlá sí abẹ́ Ọ̀yọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni ìhà Ọ̀yọ́ yìí ti bọ́ sínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Lónìí, ìjọba ìbílẹ̀ méjì ni ti Igbómìnà nínú ìpínlẹ̀ náà: ti Ìlá, àti ti Ifẹ́dáyọ̀ tí olú-ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Òkè-Ìlá. Òkè-Ìlá yìí náà ni omi Ayíkunnúgbá ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, tí àwọn àlejò ń lọ wò.

ÌLÚ TÍ YÀRÀ YÍ KÁ

Ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ ni pé Fágbàmílà Ajagunńlá, ọmọ Odùduwà, ni ó ti Ilé-Ifẹ̀ wá tẹ ìjọba Ọ̀ràngún dó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣí kúrò ní ibì kan dé ibòmíràn, títí wọ́n fi dé ibi tí à ń pè ní Ìlá Yàrà. Níbẹ̀ ni wọ́n gbé pẹ́. Nígbà tó yá, ìjà oyè dé láàárín àwọn ọmọ ọba. Ọ̀kan kó àwọn tirẹ̀ lọ sí ibi tí Ìlá Ọ̀ràngún wà lónìí, èkejì kó àwọn tirẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Ìdí nìyí tí ìlú méjèèjì fi ní Ọ̀ràngún tirẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí orúkọ náà, Ìlá Yàrà. Yàrà ni kòtò jíjìn tí a gbẹ́ yí ìlú ká, tí a sì fi erùpẹ̀ inú rẹ̀ mọ odi gíga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ọ̀tá má baà rí ọ̀nà wọlé. Ẹ rò ó wò. Kò sí katakátá, kò sí sìmẹ́ǹtì, kò sí irin. Ọkọ́, agbọ̀n àti apá ènìyàn ni gbogbo irin-iṣẹ́. Síbẹ̀, ẹnì kan ni yóò wọn ilẹ̀, ẹnì kan ni yóò pín iṣẹ́ fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ni yóò ka iye ọjọ́ kí òjò tó dé, ẹnì kan ni yóò sì rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ rí oúnjẹ jẹ. Ohun tí a ń fi sátífíkéètì kọ́ lónìí, àwọn baba wa ti ń ṣe é kí a tó mọ ohun tó ń jẹ́ sátífíkéètì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé amọ̀. Wọ́n á po erùpẹ̀ mọ́ omi, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi kúnná. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó mọ èkejì lé e lórí. Ẹni tó bá kánjú mọ ìpele mẹ́ta pọ̀ ní ọjọ́ kan, òjò àkọ́kọ́ ni yóò bá a wó o. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò pọn omi, ẹni tí yóò tẹ amọ̀, ẹni tí yóò jù ú àti ẹni tí yóò mọ ọ́n. Alábòójútó sáìtì ayé àtijọ́ nìyẹn.

IṢẸ́ TÍ À Ń SỌ GAN-AN

Láti ọ̀dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó ni ọ̀nà ilé kíkọ́ ti yí padà púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ti wo mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní Èkó, tí a ṣí ní ọdún 1894, ti rí iṣẹ́ ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà náà. Òkè òkun ni ìmọ̀ yẹn ti wá, ilé Ọlọ́run ni a sì fi kọ́ ní ilẹ̀ wa. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tuntun, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú, pé kí ènìyàn kọjá òkun nítorí iṣẹ́ ọwọ́.

Ọmọ Ìlá náà kò gbẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Olóyè Bísí Àkàndé, ọmọ Ìlá, ni gómìnà ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun láti 1999 sí 2003, ìjọba rẹ̀ ló sì kọ́ ilé ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ń lò lẹ́bàá Òṣogbo, èyí tí a fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè.

Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ alábòójútó ilé kíkọ́? Kì í ṣe ẹni tó ń ru bulọ́ọ̀kù, kì í sì í ṣe ẹni tó ya àwòrán ilé. Àárín àwọn méjèèjì ni ó wà. Òun ni ó ń ka àwòrán, tó ń ṣírò sìmẹ́ǹtì àti irin tí iṣẹ́ yóò gbà, tó ń ṣètò ọjọ́ tí bíríkìlà yóò dé àti ọjọ́ tí kafíńtà yóò bọ́ sí i. Òun ni ó ń wò ó pé kọnkéré gbẹ dáadáa kí a tó gbé òkè lé e, tó sì ń rí i pé kò sí òṣìṣẹ́ tó já bọ́ láti orí àkàbà. Bí ilé bá wó, òun ni a ó kọ́kọ́ pè.

Ní ilẹ̀ wa, a ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́ wà. Àwọn pólítẹ́kíníìkì náà kò jìnnà sí ọmọ Igbómìnà: ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà ní Ìrée, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀fà àti ní Ẹdẹ. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, òfin ọdún 1989 ni ó dá ìgbìmọ̀ CORBON sílẹ̀, èyí tó ń fi orúkọ àwọn akọ́lé tó yanjú sínú ìwé. Kí ọmọ tó sọ pé òun ń lọ sí òkè òkun, kí ó kọ́kọ́ béèrè ibi tí orúkọ òun wà nílé.

ÌLÚ ỌBA: LÁYÉ ÀTIJỌ́ ÀTI LÓDE ÒNÍ

Láyé àtijọ́, ọ̀nà Ìlú Ọba gbòòrò. Ọmọ Yorùbá á wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, á sọ̀ kalẹ̀ ní Liverpool, á gba London lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ta ni yóò gbà á síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ ní ọ̀sán, tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní alẹ́, tó sì padà wálé di ẹni ńlá. Ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1962 ni ilẹ̀kùn náà kọ́kọ́ dín. Òfin tuntun ní kí ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ láti ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì gba ìwé ìyọ̀ǹda. Ìwé oríṣi A ni ti ẹni tí ọ̀gá kan ti ní iṣẹ́ sílẹ̀ dè. B ni ti ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba mọ̀. C ni ti àwọn yòókù. Nígbà tó di 1965, wọ́n pa C rẹ́ pátápátá. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí ń kọ́ wa: ẹni tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò sì ní ọ̀gá tó ń dúró dè é, òun ni ilẹ̀kùn kọ́kọ́ tì mọ́ lójú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí, àfi pé ó tún le sí i. Físà tí alábòójútó ilé kíkọ́ lè bá lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker. Ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ mú àjèjì wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì wà nínú ìwé ńlá kan tí ìjọba náà gbé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó GOV.UK. Ọ̀fẹ́ ni. Ọmọ tó wà ní Ìlá lè fi tẹlifóònù rẹ̀ wò ó láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni ju owó dátà lọ. Ilé-iṣẹ́ náà ni yóò fún un ní Certificate of Sponsorship. Nọ́ńbà rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò fi béèrè físà láàárín oṣù mẹ́ta.

Owó oṣù náà ní gbèdéke. Láti ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, iṣẹ́ tó bá máa gba físà yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó tó ipele oyè yunifásítì, owó ọdún rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ dín ní £41,700, tàbí iye tí a là sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà bí ìyẹn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ alábòójútó ilé kíkọ́ wà lára àwọn tó tó ipele náà. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pé 26, tàbí tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ kí ó lè gba oyè ẹgbẹ́ oníṣẹ́ rẹ̀, ìjọba gbà kí gbèdéke náà bẹ̀rẹ̀ láti £33,400. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ bọ́ sí. Ẹgbẹ́ àwọn akọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, CIOB, tí a dá sílẹ̀ ní 1834, ni ọ̀pọ̀ ń kọ́ṣẹ́ lọ sínú oyè rẹ̀. Láti ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2026 ẹ̀wẹ̀, ẹni tó bá ń béèrè físà yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé Gẹ̀ẹ́sì òun dé ipele B2, kì í ṣe B1 ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Owó wo ni òṣìṣẹ́ ń san, èwo ni kò gbọ́dọ̀ san? Owó físà tirẹ̀ àti owó ìtọ́jú ìlera ni tirẹ̀, àfi bí ọ̀gá bá yọ̀ǹda láti bá a san án. Owó ìlera jẹ́ £1,035 fún ọdún kan láti oṣù kejì ọdún 2024. Ọdún mẹ́ta yóò jẹ́ £3,105. Ṣùgbọ́n owó láísẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́, owó Certificate of Sponsorship, àti owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ọ̀gá nítorí àjèjì, ọ̀gá ni yóò san gbogbo rẹ̀. Òfin kọ̀ kí ó dì í ru òṣìṣẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí ọmọ yín wá ra Certificate of Sponsorship, ohun tí kò sí ní ọjà ló ń tà.

AMẸ́RÍKÀ, JÁMÁNÌ ÀTI ILẸ̀ LÁRÚBÁWÁ

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Níbẹ̀, ọ̀nà kan wà fún ìkọ́ṣẹ́ gan-an, físà J-1 ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ ilé kíkọ́ sì wà lára àwọn iṣẹ́ tó gbà. Ẹni tó ní oyè ilé-ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ẹni tó ti lo ọdún márùn-ún lẹ́nu iṣẹ́, lè lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù 18 ó pẹ́ tán, kí ó sì padà wálé. Kì í ṣe ọ̀gá ibi iṣẹ́ ni onígbọ̀wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ kan gbọ́dọ̀ wà tó sọ ohun tí yóò kọ́ ní ìpele kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí yóò kọ́ ọ. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: àṣẹ tí ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, dá físà ìbẹ̀wò, ti akẹ́kọ̀ọ́ àti J-1 yìí dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, àyàfi àwọn díẹ̀ tí àṣẹ náà yọ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún ń gba owó J-1 lọ́wọ́ ọmọ yín, ẹ kọ́kọ́ ní kí ó fi ìwé tó fagi lé àṣẹ yẹn hàn yín.

Ní Jámánì, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ àṣà àwọn ará ibẹ̀. Ausbildung ni wọ́n ń pè é. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ọjọ́ kan, á wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá á sì máa fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ọdún mẹ́ta ni ti bíríkìlà. Ẹni tó bá yege lè gòkè di fọ́máànù, kí ó sì tibẹ̀ di alábòójútó. Ìwé àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá ni a fi ń béèrè físà rẹ̀, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti gbọ́ èdè Jámánì níwọ̀nba. Fún ẹni tó ti gba oyè tán, Jámánì ṣí ọ̀nà mìíràn ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2024, Chancenkarte, tí ó lè fi wọ ìlú fún ọdún kan láti wá iṣẹ́ fúnra rẹ̀, bí ó bá ní máàkì tó tó àti owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ojú òpó ìjọba wọn tó ń jẹ́ Make it in Germany ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ilẹ̀ Lárúbáwá wá ńkọ́? Ojú ọ̀pọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa wà níbẹ̀, nítorí ọ̀nà Mẹ́kà ni. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ pọ̀ ní Saudi Arabia, pàápàá láti ìgbà tí a ti fún wọn ní ìdíje bọ́ọ̀lù àgbáyé ti 2034, ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Òfin iṣẹ́ Saudi sọ pé ọ̀gá ni yóò san owó ìgbanisíṣẹ́, owó ìwé ìgbélùú àti owó ìwé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a fẹ́ tẹnu mọ́ gidigidi: físà Úmúrà kì í ṣe físà iṣẹ́. Ẹni tó bá ní kí ọmọ yín fi Úmúrà wọlé, kí ó wá dúró síbẹ̀ ṣiṣẹ́, ó fẹ́ sọ ìjọsìn di ẹ̀tàn, ó sì fẹ́ fi ọmọ náà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ẹni tó bá wà nílẹ̀ àjèjì láìní ìwé kò ní ẹnu láti béèrè owó iṣẹ́ rẹ̀.

BÀBÁ ÀTI ỌMỌ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àpẹẹrẹ. Ká sọ pé ọmọ kan wọlé tọ baba rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Inú yín yóò dùn. Ọ̀gbẹ́ni kan ní Òṣogbo ní òun yóò bá mi gba físà London. Mílíọ̀nù márùn-ún náírà ló ní kí n mú wá."

"Ọlọ́run á jẹ́ kó dára, ọmọ mi. Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ níbẹ̀?"

"Wọn ò tíì sọ, Bàbá. Wọ́n ní bí mo bá débẹ̀ ni n óò mọ̀."

"Bóo bá débẹ̀? Ṣé ìwọ akọ́lé, o máa ń lọ mọ ilé fún ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀?"

Ọmọ dákẹ́. Ìbéèrè baba yẹn ju gbogbo ìwé àjẹ́ńtì lọ. Baba tí kò lọ sí ilé-ìwé lè bi í, nítorí ọgbọ́n ilé kíkọ́ ni: a kì í fi ìpìlẹ̀ sí orí ilẹ̀ tí a kò mọ onílẹ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ tí baba bá tà nítorí irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ kì í padà wá. Ìyá á jókòó ti gbèsè, àbúrò á kúrò ní ilé-ìwé, ọmọ tí a rán lọ á sì máa sá fún ojú ìdílé nítorí ìtìjú.

Kí ìdílé má baà bọ́ sínú irú wàhálà yìí, ohun márùn-ún nìyí tó yẹ kí wọ́n béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn:

(1) Kí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gan-an, ṣé orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé onígbọ̀wọ́ tí ìjọba ìlú yẹn gbé jáde?

(2) Ṣé ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti bá ọmọ sọ̀rọ̀, tó dán ìmọ̀ rẹ̀ wò, tó sì kọ̀wé sí i láti àdírẹ́sì tirẹ̀?

(3) Ṣé ìwé àdéhùn sọ iṣẹ́, owó oṣù, ìlú, àti ohun tí wọn yóò kọ́ ọmọ?

(4) Owó tí wọ́n ní ká san yìí, ta ni òfin ìlú náà sọ pé yóò san án?

(5) Ṣé àjẹ́ńtì náà ní láísẹ́ǹsì ìgbanisíṣẹ́ láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́?

Bí ìdáhùn ọ̀kan bá kù, ẹ dúró. Bí ẹ bá sì rí i pé wọ́n ń kó àwọn ọmọ lọ sí oko ẹrú lábẹ́ orúkọ iṣẹ́, àjọ NAPTIP, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, ni kí ẹ fi tó létí.

OHUN TÍ ỌMỌ LÈ BẸ̀RẸ̀ LÓNÌÍ

A kò sọ èyí láti tu ọmọ ẹnikẹ́ni nínú jẹ. Ilẹ̀kùn dín, ṣùgbọ́n kò tì pa. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ibẹ̀, kí ó mú iṣẹ́ rẹ̀ bí ìpele amọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Kí ó bá kọ́ńtírátọ̀ gidi ṣiṣẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ní Òṣogbo, Ìbàdàn tàbí Èkó. Kí ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí yóò máa kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí: iye òṣìṣẹ́, iye àpò sìmẹ́ǹtì, ọjọ́ tí a da kọnkéré, ọjọ́ tí òjò dá iṣẹ́ dúró, ohun tó bàjẹ́ àti bí a ṣe tún un ṣe. Kí ọ̀gá rẹ̀ máa fọwọ́ sí i. Bí ọ̀gá òkè òkun bá bi í pé, "Kí lo ti ṣe?", ìwé yẹn ni yóò dáhùn.

Lẹ́yìn náà, kí ó máa kọ̀wé sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí orúkọ wọn wà nínú ìwé onígbọ̀wọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó yan àwọn tó ń kọ́ ilé. Kì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì ló ní àyè iṣẹ́, ọ̀pọ̀ kò sì ní dáhùn. Kí ó má ṣe jẹ́ kó sú òun. Sùúrù ni baba ìwà.

Bí àyè náà bá pẹ́ kó tó ṣí, kò sọ iṣẹ́ náà di òfo, nítorí ilé ni a ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ rántí ilé alájà 21 tó wó ní Ìkòyí ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2021, tó pa ènìyàn tó lé ní ogójì. Ẹ rántí ilé àlejò ìjọ kan tó wó ní Ìkọ̀tún, Èkó, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, tó pa ènìyàn 116. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní òkè òkun ló ń fi owó ránṣẹ́ sílé pé kí a bá àwọn kọ́lé. Bí kò bá sí alábòójútó tó mọ iṣẹ́ tó sì bẹ̀rù Ọlọ́run, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó náà, àti sí àwọn tí yóò sùn lábẹ́ òrùlé náà?

Àwọn tó gbẹ́ yàrà Ìlá kò rí odi náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kòtò ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbẹ́ kòtò tirẹ̀ dé ibi tó yẹ. Ẹ má ta ilẹ̀ kí ẹ tó wo ìwé orúkọ. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má sì jẹ́ kí ìkánjú mú yín fi owó ra ohun tí òfin ní ọ̀gá ni yóò san. Kí Ọlọ́run fi ẹsẹ̀ gbogbo yín lé ọ̀nà rere, kí ó sì mú ẹni tó bá lọ padà bọ̀ láyọ̀. Àmín.